Ẹ Bá Mi Kí Ìṣirò, Ẹni Tó Ń Pín Ìròyìn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ẹni tó ń dá ẹ sí fún wa kò ní í sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ń kí ẹ, inú tèmi sì ń dùn débi pé abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi nídìí máṣìnì.

Omi ẹ̀rọ àdúgbò wa ló pupa bí irin tó dógùn-ún, inú sì ń run ọmọ àbúrò rẹ. Ni mo bá fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo gbé e sórí ayélujára, mo ṣàlàyé yékéyéké. Ìwọ àti àǹtí rẹ nìkan lẹ rí i. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ya ewúrẹ́ bàbá rẹ níbi tó ti ń jẹ bàtà, àwọn tí n kò mọ̀ rí ló ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo lọ bá onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa. Ó ní èmi kọ́ ni mò ń pinnu ẹni tó máa rí ọ̀rọ̀ mi, àwọn tó ni ibẹ̀ ni, ohun táwọn èèyàn bá ń dúró wò ni wọ́n ń tì síwájú. Mo ní ta ni wọ́n fi ṣe olùpín, ó ní ìṣirò tí kọ̀ǹpútà wọn ń ṣe ni. Èmi ò mọ ìdílé tí Ìṣirò yẹn ti wá, àmọ́ mo kúnlẹ̀ síwájú fóònù, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káyé rí omi wa. Ẹni tó ń pín ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, òun fúnra rẹ̀ kò lẹ́nu.

Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló fẹ́, ewúrẹ́ náà ni n ó rán sí i. Mo bu omi pupa yẹn sínú abọ́, mo gbé e fún un, mo sì ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ọmọ mi, ewúrẹ́ tó jẹ bàtà gbóòórùn omi náà, ó sín, ó sì kẹ̀yìn sí i. Kíá làwọn èèyàn pín fídíò yẹn káàkiri, wọ́n ń béèrè pé ṣé irú omi yìí làwọn ọmọdé ń mu. Kò pẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ omi fi dé, wọ́n gbẹ́ ojú títì, wọ́n pààrọ̀ páìpù tó ti jẹrà. Lónìí omi mọ́ gaara, ọmọ àbúrò rẹ mu ife kan, ó tún na ife náà sí mi.

Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn: ẹni tí kò ní ewúrẹ́ ńkọ́? Ìwọ tó o wà nílùú ńlá, bó o bá pàdé Ìṣirò, bá mi bi í.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́ kíákíá. Òrùlé ilé ìwé ń jò, olùkọ́ àgbà fúnra rẹ̀ sì ti wá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ní òun fẹ́ yá ewúrẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní í bọ́ sílẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ẹ á gbọ́ ẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, aránṣọ.