Ìyá Mi Kúnlẹ̀ Kí Mi

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín láti ẹ̀sítéètì Ìbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rántí èèyàn mọ́. Láàárọ̀ àná, wọ́n di ògiri mú, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi: "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀."

Èmi ọmọ tí wọ́n bí! Kíá lèmi náà kúnlẹ̀. "Màmá, ọmọ yín ni mí."

Wọ́n bú sẹ́kún. "Ìyá mi kọ̀ mí!"

Mo gbá wọn mọ́ra, mo fi oríkì wọn kí wọn bí ẹni pé èmi ni ìyá wọn: "Àwẹ̀ró mi, ṣé o jí ire?"

Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n ti ń kọ̀ látìjẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ní èèwọ̀ ni kí ọmọ máa ṣe bí ìyá fún ìyá tó bí i. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jáwọ́? Màmá ti jí báyìí, wọ́n ń pe ìyá wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá wọn lóhùn.