Àwọn Àna Wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Agbo Ilé Alágbẹ̀dẹ, Ẹdẹ,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, 1926.

Àtàndá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun òwúrọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́, àbí Èkó kò fún ọ láyè? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún tó ń ṣọ́ ọkọ̀ irin tó gbé lẹ́tà rẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá rẹ Ọ̀ṣúnwùmí kí ọ, ó kí ọ, ó tún ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ Àtinúkẹ́ ti bí ọkùnrin kan nílé ọkọ rẹ̀ l'Áwo, ohùn ọmọ náà sì ti le ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ti gbin àgbàdo ní oko wa ní Alajue, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti ń hú u jẹ.

Oyèwọlé, akọ̀wé ilé ọkọ̀ irin wa, ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan, kó má sì fi tirẹ̀ kún un, torí ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, a kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìwé rẹ dé, àti fọ́ọ̀mù tí o ní kí n tẹ ìka sí, àti ìwé ìròyìn tí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ náà sí. Oyèwọlé kà á fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹgbẹ́ kan ní Èkó ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọn yóò rán lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, kó lè padà wá di lọ́yà bí ọ̀gá tí ò ń kọ̀wé fún. Mo jẹ́ kó kà á tán. Mo wá bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ. Ó ní wọ́n fẹ́ mọ orúkọ rẹ àti orúkọ bàbá rẹ, ìlú tí o ti wá, ọdún tí a bí ọ, bóyá ara rẹ le, bóyá wèrè tàbí wárápá wà nínú ìdílé wa, bóyá o ti gbéyàwó, àti orúkọ àgbà méjì tí kì í ṣe ẹbí wa tí yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ.

Mo wo ojú ìyá rẹ, òun náà wo ojú mi. Ọmọ mi, èmi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mẹ́rin ni a ti fà fún ọkọ nínú agbo ilé yìí, èmi ni mo sì ṣe ìwádìí gbogbo wọn. Bí ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ bá ń béèrè ọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Oyèwọlé ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Mo bi í pé ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́ tí yóò máa béèrè wárápá? Gbogbo ọmọṣẹ́ tí mo ti gbà nídìí irin, apá wọn nìkan ni mo wò. Ohun tó kọ mí lóminú díẹ̀ ni pé wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé máa kà á. Ta ló ń kéde ọmọbìnrin rẹ̀ báyẹn, bí kì í bá ṣe pé ó ti pẹ́ nílé tàbí pé ó máa ń jà? Fara balẹ̀ wádìí ìyẹn.

Ohun tó wá dá mi lójú jù lọ wà lẹ́yìn ìwé náà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ máa bá àwọn àgbà wọn jẹun alẹ́ ní gbọ̀ngàn, ìgbà méjìléláàádọ́rin láàárín ọdún mẹ́ta, bí iye náà kò bá sì pé, wọn kò ní gbà á. Oyèwọlé fúnra rẹ̀ tún ibẹ̀ kà. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ẹnu jíjẹ kọ́? Àna ló ń bọ́ni báyẹn, tí yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bóyá oníwọra ni ọ́. Nítorí náà, máa bu òkèlè kékeré. Má fá àwo. Bí wọ́n bá fún ọ ní ẹran, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé. Wọ́n máa ní kí o jẹ sí i, dúpẹ́, kí o ní o ti yó, kódà bí inú rẹ bá ń kùn.

A ti dáhùn ohun tí wọ́n béèrè. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé a bí ọ lọ́dún tí wọ́n ń la igbó fún ọ̀nà ọkọ̀ irin, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó dé. Wèrè kò sí, wárápá kò sí, àyàfi ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, a kọ ìyẹn náà. Oyèwọlé jẹ́rìí kan. Sàídì oníṣòwò aṣọ, ará ilé kejì, jẹ́rìí kejì. Ó ní ọmọlúàbí ni ọ́, pé o máa ń kí òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n pé lóṣù ààwẹ̀ kan nígbà tí o wà ní kékeré, o jẹ gbogbo àkàrà tí àwọn ará ilé òun gbé pamọ́ fún ìṣínu. Oyèwọlé ní kí á fo ìyẹn. Mo ní rárá. Àna tó bá mọ̀ nípa àkàrà náà, tó sì tún fẹ́ ọ, àna gidi nìyẹn.

Àwa náà ní ìbéèrè tiwa, mo sì ti ní kí ó kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn. Ọmọ ta ni? Kí ni ìyá rẹ̀ ń tà? Ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí nílé wọn? Ṣé wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó bímọ? Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé ṣé ó mọ iyán gún, ṣé ó sì ń kúnlẹ̀. Rí i pé wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, kí alága wọn sì tẹ ìka sí i.

Mo di ogójì iṣu, ìgò oyin kan, iyọ̀, obì, orógbó àti atare, àwọn ọmọṣẹ́ mi rù wọ́n tẹ̀lé mi lọ sí ilé ọkọ̀ irin. Ibẹ̀ ni Oyèwọlé ti bi mí pé ṣé mo mọ ibi tí gbọ̀ngàn ìjẹun náà wà. Mo ní Èkó ni. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lójú òkun.

Àtàndá, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo ní kí wọ́n ru iṣu mi padà sílé, mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi há àjà. Ta ni a ti gbọ́ pé ó lọ gbé ilé àna fún ọdún mẹ́ta gbáko? Ohun tí mo sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Èémí mi kì í tó mọ́ nídìí ẹwìrì, mo sì ń ro ẹni tí yóò gbé mi sin. Oyèwọlé ní bí fọ́ọ̀mù náà kò bá dé Èkó kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò mú ẹlòmíràn. Mo tilẹ̀ pinnu láti sọ fún ọ pé ó sọnù lọ́nà.

Ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ lọ yọ ọ́ lájà. Òun ló sì ti sunkún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní àwọn mẹ́ta tí òun bí ṣáájú rẹ, kò sí èyí tó bi wá léèrè kó tó lọ sọ́run. Ó ní ìwọ, Ẹkúndayọ̀ tó dúró tì wá, kọ̀wé wá béèrè, a wá fi ìwé rẹ há àjà. Ó padà sídìí iná rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe Oyèwọlé, mo ki àtàǹpàkò mi bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tilẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n fà sílẹ̀ fún un.

Àwọn iṣu náà ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀la. Gbé wọn fún àwọn ará ẹgbẹ́ náà, dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí o ní bàbá rẹ kí wọn. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí o tó wọ ọkọ̀: mo fẹ́ fi ra obì tí n ó fi sọ fún àwọn àgbà agbo ilé, ìyá rẹ fẹ́ epo fìtílà, awọ ẹwìrì mi sì ti ya. Bí kò bá sí, má yá a.

Ó ku ibì kan nínú fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí ohunkóhun bá ṣe ọ lọ́hùn-ún. Mo bi Oyèwọlé pé kí ni ohunkóhun. Ó ní a kò lè fi í sílẹ̀ lófìfo, wọn yóò dá fọ́ọ̀mù náà padà. Mo ní kí ó kọ ọ́ lédè òyìnbó tó mọ́ kedere pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé, pé bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láti sọ fún wa, kí ọmọ náà wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́.

Òkun kò ní gbé ọ. Oúnjẹ wọn yóò bá ọ lára mu. Wàá kọ́ òfin wọn yé, wàá sì padà bá wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndèyí alágbẹ̀dẹ.
Àtàǹpàkò mi nìyí.