Ìjọba Ní Kí N Ka Àwọn Ọmọ Mi

Safiatou, ọmọ mi tí mo fi ń yangàn,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kútọnu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn ará ìlú ńlá. Àwa ní Bessé ń dúpẹ́. Iṣu orí òkè ta dáadáa, ìyá rẹ sanra, Aïssatou ìyàwó Ṣàfíù ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti bí ọmọbìnrin kan tó jọ mí, àfi imú.

Odò Okpara nìkan ló ṣe àṣejù. Ó kún wọ ilé wa, ògiri wó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Àwọn ará mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní kí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, pé ibẹ̀ ni ìjọba pèsè fún ẹni tí omi bá lé. A dé ibẹ̀, a bá a pé atẹ́gùn ti ká ìdajì òrùlé lọ láti èṣí, wọ́n sì ti ṣáláńgá pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Orí tábìlì kíláàsì ni Aïssatou bímọ sí. Mo ní ọmọ yẹn yóò mọ̀wé ju gbogbo wa lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan wá láti mẹ́rì pẹ̀lú tẹlifóònù tó fẹ̀ bí ọpọ́n, ó ní kí n sọ iye wa. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, ṣé ẹ̀rọ tí n kò mọ baba rẹ̀ ni n ó wá ka tèmi fún? Mo ní ẹni mẹ́rin péré ni wá. Lassissi aládùúgbò wa, oníyàwó mẹ́ta, ní òun nìkan ló wà láyé. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fẹ́ ya wá ní fọ́tò kí ìjọba lè rí ìyà wa, mo ní kó dúró. Àwa mẹ́rin wọ aṣọ Iléyá tí ìyá rẹ gbé sá fún omi kó tó gbé ìkòkò, a rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù fara pamọ́ sẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé ọmọ ilé rere ni wá.

Jímọ̀ tó kọjá, àgọ́ dé, ẹyọ kan, ti ẹni mẹ́rin. Lassissi gba ẹní kan. Òjò ń rọ̀ lé àwọn tó kù lórí, ọmọ Aïssatou sì ti ń wúkọ́, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo lọ sí mẹ́rì. Ọ̀gá ibẹ̀ yí fọ́tò wa sí mi, ó ní èmi fúnra mi ni mo sọ pé mẹ́rin ni wá, ẹ̀bi mi ni. Mo gbà pé mo purọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ṣé irọ́ mi ló ká òrùlé ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé òun ló ti ṣáláńgá? Rédíò ti kéde pé omi ń bọ̀, ta ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú kí wọ́n má kan páànù? Ẹni tó bá ní kí àlejò wá sùn nílé òun, òun ló yẹ kó wo òrùlé. Ó họ orí, ó fún mi ní pépà kan kí n kọ iye wa gan-an, ó ní Kútọnu ni yóò lọ.

Mo jókòó ti pépà náà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo ṣe bísímílà, mo kọ ọ́: mẹ́tàlá, ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀. Pépà náà wà nínú lẹ́tà yìí, fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún ìjọba níbẹ̀, kí o sì dúró títí wọn yóò fi dáhùn. Jọ̀wọ́ fi owó bàáṣì kan, ọ̀rá ńlá tí òjò kì í wọ̀, ránṣẹ́ kí a fi bo ọmọ náà kí ìjọba tó jí. Bí o bá fẹ́ gba inú tẹlifóònù fi í ránṣẹ́, owó bébà ni kí o fi sí i, ẹyọ owó lè ba tèmi jẹ́.

Ọlọ́run tí kò bi wá ní iye wa kó tó bò wá, yóò bo ìwọ náà.

Èmi ni baba rẹ,
Bachirou