Ilẹ̀ Kẹrìnlá ní Igbó Ìwọ́

Ọjọ́ Ajé, 1 mars 1976
A ti rí ilẹ̀! Sylvestre já wọlé bí ẹni tí oyin ń lé: "Euphrasie, parcelle kẹrìnlá! Orúkọ wa wà nínú ìwé!" Ọdún mẹ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo nílé ìyá rẹ̀ — èmi, òun, Ìjọba (Blandine wa, oṣù mẹ́fà péré, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa), àpótí méjì, àti ewúrẹ́ Màmá tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo jó. Mi ò tiẹ̀ rántí bi í pé ibo ni ilẹ̀ náà wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 mars
Igbó Ìwọ́ ni.

Ọjọ́rú, 3 mars
Mo gbé Ìjọba pọ̀n, mo lọ wò ó. Baba Okùn — géomètre, awọnlẹ̀ tí wọ́n rán wá, tí okùn ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ — ti kan èèkàn pupa láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ọ̀nà Glazoué. Gbogbo igbó. Kò ṣẹ́ ku ibì kan.

Ibẹ̀ la ń lọ sin ìwọ́ ọmọ tó bá já, ká gbin igi lé e. Ìwọ́ nísàlẹ̀, igi lórí. Kò sẹ́ni tó ń fi àdá kan igi ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tó ni ín nìkan, tó bá dàgbà, ló lè gé e. Igi irú ti Ìjọba ò tíì dé orúnkún mi. Ẹ̀gún tí mo fi yí i ká nítorí ẹran ṣì wà níbẹ̀. Èèkàn kẹrìnlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹran ò rí i jẹ — ilé ìdáná mi ló máa pa á.

Ọjọ́bọ̀, 4 mars
Sylvestre ti ń po amọ̀ bíríkì. Ó ní ṣé torí igi kan ni ká fi dàgbà sí yàrá Màmá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 mars
Ìpàdé. A kọ́kọ́ pa igbe ìyípadà: "Ehuzu!" "Dàndàn!" Délégué Cyprien, olórí ìlú wa lábẹ́ ìyípadà, ní ọ̀rọ̀ ìwọ́ ti di ti àtijọ́, ìlú ń fẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá ilé. Òótọ́ ni. Èmi náà ń wá ilé. Torí pé mo kàwé dé troisième, ọdún kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ni akọ̀wé àwọn obìnrin. Wọ́n ti bíírò sí mi lọ́wọ́: kọ ọ́ pé àwọn obìnrin fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n lè kọ ọ́ dáadáa. Ojo! Màmá Dorothée, ìyá Cyprien fúnra rẹ̀, wò mí láti òkè délẹ̀: "Àbí ohun tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé nìyẹn, ọmọ mi? Ká máa kọ irọ́ dáadáa?"

Ojú tì mí délé.

Ọjọ́ Ajé, 8 mars
Mo ní kí Baba Okùn fi plan ilẹ̀ ìlú hàn mí. Oko òwú àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé ìwé, ní ọ̀nà Lèma. Ó tẹ́jú, kò sígi kankan. Kí ló dé tí kì í ṣe ibẹ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Ṣùgbọ́n ogún ilé ló lè gbà, ọgbọ̀n la wà. Ẹni mẹ́wàá á ṣì máa dúró.

Mo mọ ẹni tí ọ̀kan nínú wọn máa jẹ́.

Ọjọ́rú, 10 mars
Èmi àti Sàfúrátù aláṣọ, òun náà ní igi níbẹ̀. A ń lọ láti ilé dé ilé: igi wo, ọmọ ta? Àwọn ìyá àgbà ò gbàgbé ọ̀kan. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ìkọkànlélógójì, oṣè ńlá — Cyprien.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 mars
Sylvestre ka ìwé tí mo kọ fún ìpàdé: orúkọ igi àti ọmọ, àti pé kí wọ́n kọ́ ilé sí oko òwú. Nísàlẹ̀ ni mo kọ orúkọ ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ kí igbó lè dúró. Orúkọ kan: tiwa. Mi ò bi í kí n tó kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo mọ̀. Mi ò pa á rẹ́.

Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 mars
Ìpàdé. Mo kà á sókè, igi kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìkọkànlélógójì, Cyprien bú sẹ́rìn-ín: tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun lòun ni igi òun, òun á gé e lọ́jọ́ Ajé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá Dorothée ò tiẹ̀ dìde. "Gé e, camarade. Tìẹ ni. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣe tán, lọ pe àwọn méjìlélọ́gọ́ta yòókù wá gé tiwọn."

Ọjọ́ Ajé, 15 mars
Gbogbo wa ti dé ibẹ̀ kóòrùn tó mú. Obìnrin kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí igi ọmọ rẹ̀. Èmi jókòó nínú ẹ̀gún, torí igi Ìjọba ò ní òjìji tó máa bo adìyẹ. Cyprien gbé àáké dé. Ó ṣá oṣè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àáké há sínú rẹ̀. Ó fà á. Ó tún fà á. Ìyá rẹ̀ ní kó sinmi díẹ̀, kó mu omi.

Ìgbà yẹn ni Sylvestre yọ. Láti ọjọ́ Ẹtì kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bá a fa àáké. Ó gba iwájú Cyprien kọjá, ó fa èèkàn kẹrìnlá tu, ó kó o sí abíyá, ó lọ sílé.

Cyprien ní òun á gbé ìwé wa lọ sí district, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun. Kò tíì sí èsì. Bóyá wọ́n á dá wa lóhùn, bóyá àáké púpọ̀ ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Wọ́n á bá wa níbẹ̀.

Mo délé. Èèkàn pupa ti dúró lágbàlá Màmá, Sylvestre ti kàn án mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ewúrẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló so mọ́ ọn.