Ìyá Mi, Mi Ò Ní Yọ Páálí Yẹn Kúrò Lẹ́yìn Ọkọ̀ Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá, mo kí ẹ̀yin náà, mo sì kí Sàúdá àbúrò mi tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Ibi tó bá korò jù ni kó gbé ohùn sókè sí. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí gbogbo Ìsẹ́yìn ló ti gbọ́ ẹjọ́ Ràṣídì, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Ẹ má bínú pé mi ò fi bọ̀dá síwájú orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Mo mọ̀ pé ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, àti pé òun ló gbà mí sílé ní Ajah nígbà tí mo wá ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo ro gbogbo ìyẹn dáadáa kí n tó gba bọ̀dá náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ò jẹ́ ká sinmi níbí. Omi ti gba iwájú ilé wa, pátákó la ń tẹ̀ wọlé. Kórópe, ọkọ̀ akérò kékeré yẹn, ni mo ṣì ń wà, láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, láti ibẹ̀ dé Lakowe. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń gbé àwọn tó ń lọ wo òkun dé Eleko. Sẹ̀kínà ìyàwó mi wà dáadáa, ọmọ-ọmọ yín náà ń dàgbà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló máa ń jókòó sí tí mo bá ń gbé e lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ti dá páropáro lójú mi. Láti ìgbà tí ìjà èmi àti Ràṣídì yìí ti dé, àwọn tí a jọ máa ń jókòó ní mọ́ṣáláṣí ti pín sí méjì, èmi nìkan ni mo ń dá jẹun ọ̀sán mi nínú ọkọ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé torí owó ni mo ṣe ń ba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lórúkọ jẹ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ọdọọdún ni ìjọba ní kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ṣeé gbé sójú ọ̀nà. Ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn lẹ́yìn rẹ̀ ni àwa awakọ̀ ń pè ní róòdù-wọ́dì. Ká sòótọ́, awakọ̀ kì í fẹ́ dé ibi tí ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù bá wà. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n á gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá ti kírun alásárì tán, a máa ń kó ìwé tó ti parí fún Ràṣídì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á kó tuntun dé. Kò sẹ́ni tó wo ọkọ̀ kankan. Iye tó bá pè là ń san, a tún ń ṣàdúà fún un lé e.

Lọ́dún yìí, ìwé mi fẹ́ parí, Ràṣídì sì wà lọ́dọ̀ yín nílé níbi tó ti ń kọ́ ilé rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye kiri lọ́wọ́ àwọn mìíràn tó ń bá èèyàn gbàwé. Ọkùnrin kan ní Ṣàngótẹ̀dó pe iye tó pa mí lẹ́rìn-ín. Òmíràn ní Lakowe pe ìdajì rẹ̀, ó wá ní kí n má béèrè ibi tí ìwé náà ti wá. Ara fu mí. Mo ní ó tán, mo máa lọ fojú ara mi rí i. Ẹ wá wo ìwà gọ̀ǹgọ̀ṣú: mo yá táyà tuntun méjì lọ́wọ́ aládùúgbò, mo fọ ọkọ̀, mo fín lọ́fínńdà sórí àga, mo tún wọ aṣọ Iléyá mi! Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti kọ iye owó gàdàgbà sára ògiri. Iye tí Ràṣídì ń gbà lọ́wọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá bínú díẹ̀ kí n sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò ò tiẹ̀ wo táyà, kò gbóòórùn lọ́fínńdà. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ gun orí ẹ̀rọ kan, kí n tẹ búrèkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló máa ń jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ò mú rárá, iwájú náà, ẹyọ kan ló ń mú, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà léṣìí ì bá ti rí i.

Kò fún mi níwèé. Mo lọ tún búrèkì ṣe, mo padà wá, mo san iye tó wà lára ògiri. Ó wo ìwé mi àtijọ́, ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, ayédèrú ni. Mo dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, mo júwe rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn mọ̀ ọ́n, ọdọọdún ló ń gbé jíìpù rẹ̀ wá síbẹ̀, á ní kí wọ́n bá òun wo búrèkì lẹ́ẹ̀mejì torí òun ń fi gbé àwọn ọmọ òun.

Háà, Ìyá mi! Ó mọ̀! Mo fẹ́ kó dun ún, mo fẹ́ kó dun ún wọra. Mo gé páálí, mo kọ iye tòótọ́ sí i àti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, mo ní kí gbogbo ẹni tó bá gbàwé lọ́wọ́ Ràṣídì lọ wo búrèkì rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tó dé láti ilé, a kírun Jímọ̀ tán, òun nìyẹn ní ìlà sàfú iwájú, mo dìde, mo bi í lójú gbogbo èèyàn pé kí ló ń gbé jíìpù tiẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kówèé fún un mọ́. Wọ́n ní kò rówó kan òrùlé ilé rẹ̀, òjò sì ń pa á. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọjọ́ tí mo gbọ́, mo jẹun yó.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá bẹ̀ mí pé kí n yọ páálí náà. Ohun méjì ni mo ní kí Ràṣídì kọ́kọ́ ṣe kí n tó yọ ọ́. Àkọ́kọ́, kó sanwó kí wọ́n yẹ ọkọ̀ gbogbo ẹni tó tàwé fún wò. Ó ti ṣe é, búrèkì èèyàn mẹ́ta ló tún burú. Ìkejì ni pé kó lọ bá ìyàwó Sákà ní Lakowe, kó sọ ohun tó ṣe fún un. Ẹ rántí Sákà, ọmọ Ṣakí tí a jọ gbé yàrá kan, tó gbé ìrẹsì wá fún yín ní Iléyá ọjọ́sí. Lásìkò òjò tó kọjá, ó gbé kórópe tirẹ̀ lọ kọ lu ẹ̀yìn típà oníyanrìn, ó kú. A ní àkókò rẹ̀ ló tó. Mo ṣe àmín létí sàréè, Ràṣídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ni Sákà ti gbàwé, kò tíì pé oṣù méjì tó gbà á tó fi kú. Ràṣídì ní òun ò lè lọ, pé ta ló lè fi hàn pé búrèkì ló pa á. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè fi hàn, torí kò sẹ́ni tó wò ó.

Ohun kan wà, Ìyá mi, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Sákà ti fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ yẹn lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí mo ní wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ bá Ràṣídì. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, mò ń lọ sí Lakowe, Ràṣídì ìbáà tẹ̀ lé mi, ìbáà má tẹ̀ lé mi. Orúkọ méjì ni mo máa dá fún obìnrin yẹn, tèmi ni màá sì kọ́kọ́ dá. Ẹ má tíì bẹ̀ mí torí Ràṣídì. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ò ní fọwọ́ yín sin èyíkéyìí nínú wa. Ara Bàbá á le. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí ìyá Ràṣídì náà, wọn ò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni Mùtíù, ọmọ yín.