Èsì Ìyá Àgbà

Màámi, àárò yín ń sọ mí.

Ìyá àgbà ṣì wà nílé ìwòsàn níbí, l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, nítorí eegun ìbàdí wọn tó dá. Wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀.

Tí nọ́ọ̀sì bá bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ó ń dùn yín?" wọn á ní, "Alhamdulillahi, ọmọ mi." Nọ́ọ̀sì á gbé oògùn ìrora kọjá. Tí mo bá wá ń pààrọ̀ ìró wọn, wọn á fi eyín di ìborùn mú.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé kí n ní àgbà ń purọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ ní ẹni tó bá ní ó ń dun òun kò ṣàìmoore sí Ọlọ́run.

Ẹ bá mi kí ará Òde-Omi. Èmi náà wà dáadáa, alhamdulillahi.

Hidayah