Bọ́ọ̀sì Uncle Délé Ti Bọ́ Sójú Ọ̀nà

Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ Bọ̀dá Kúnlé. Èmi ọmọ yín obìnrin ló kúnlẹ̀ kí yín láti Toronto, níbi tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lójú títì.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni ọmọ tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ń wá lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Àlàyé rẹ̀ rèé. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí ọmọ ẹlòmíràn lè máa ṣe bíi tèmi kí ìyá rẹ̀ má mọ ìdí.

Màámi, ara mi kì í balẹ̀ níbí. Iṣẹ́ ń lọ, mo ń san rent, ṣùgbọ́n tí Saturday bá ti dé, ńṣe ni condo tí mò ń dá gbé yẹn máa ń há mọ́ mi. N ó fọ abọ́ tó ti mọ́, n ó lọ sójú fèrèsé, n ó tún padà jókòó. Kò sẹ́ni tí yóò ní kí n wá jẹun.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé Uncle Délé, ará Òṣogbo, tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì kan, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ wà nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé e sí ọgbà mẹkáníìkì kan ní Woodbridge, lẹ́bàá Toronto. Ó ti dógùn-ún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Auntie, ìyàwó wọn, ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Èmi ní n ó wá bá wọn di nǹkan mú. Bí mo ṣe dèrò abẹ́ bọ́ọ̀sì nìyẹn. Mo ha ìdógùn-ún títí apá fi ń ro mí. Òtútù a máa gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé, síbẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni ọkàn mi ti ń dákẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, inú wa dùn débi pé a ò ṣọ́ra mọ́. Uncle wà á yí ọgbà po. Wọ́n tẹ búrèkì, kò mú. Mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ké, bí ẹni pé ọwọ́ mi lè dá a dúró. Òkìtì yìnyín tó wà níwájú ògiri ló gbà wá.

Uncle sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni Auntie sọ, àwọn máa tà á. Mo yarí. Mo pariwo pé kò sẹ́ni tó máa tà á. Ìgbà tí mo rántí pé àgbàlagbà ni mò ń jágbe mọ́, mo kúnlẹ̀ nínú yìnyín, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé ta ló bí olóríkunkun yìí. Mo dárúkọ yín.

A tún gbogbo búrèkì náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí pé ẹsẹ̀ Uncle kò le tó tẹ́lẹ̀ mọ́, èmi lọ kọ́ bọ́ọ̀sì wíwà, mo gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ó lè rìn, Auntie fúnra wọn gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá sí ọgbà.

Saturday tó kọjá, mo wà á jáde. Àdéhùn wa ni pé tí a bá dé Newmarket, ìlú kan lápá àríwá Toronto, ká yí padà. Uncle jókòó sẹ́yìn bí èrò, wọ́n ń wo ìta. Nígbà tí mo wo dígí, wọ́n ti sùn lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀ bíi ti ọmọdé. A dé Newmarket. N ò jí wọn, n ò sì yí padà. Ọ̀nà ṣófo níwájú mi, Màámi, mo sáà ń lọ.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Kúnlé àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á sì jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí kì í lè jókòó,
Bùsọ́lá.